Òrùka tó ń yí lẹ́ǹsì sẹ́yìn: ẹ rà á, àmọ́ ẹ mọ lẹ́ǹsì tẹ́ ẹ máa fi sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa ya eèrà débi tí irun orí ẹ̀ á fi hàn, àmọ́ tí owó lẹ́ǹsì macro, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún yíya ohun kékeré, ò jẹ́ kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn, òrùka yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Irin pẹlẹbẹ ni, kò ní gíláàsì kankan nínú, kò ní wáyà, apá kan ẹ̀ rí bí ìdí lẹ́ǹsì tó máa ń wọ kámẹ́rà, apá kejì ní síkúrù tó ń wọ ibi tí wọ́n máa ń de fílítà mọ́ níwájú lẹ́ǹsì. Tẹ́ ẹ bá ti yí i wọlé tán, iwájú lẹ́ǹsì ló máa wọ kámẹ́rà, ìdí ẹ̀ láá wá máa wo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Nikon náà ṣe irú ẹ̀, BR-2A ni wọ́n pè é, àmọ́ èyí tí mò ń lò yìí ò lórúkọ lára rárá, ti lẹ́ǹsì tí ojú ẹ̀ fẹ̀ tó 52mm ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ò le. Lẹ́ǹsì tá a ń lò lójoojúmọ́, wọ́n ṣe é kó lè mú ohun ńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó sọ ọ́ di kékeré sórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, tó wà nítòsí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí ohun kékeré tóbi lórí sẹ́ńsọ̀ ju bó ṣe rí lọ, iṣẹ́ yẹn ti dorí kodò nìyẹn, àfi kí lẹ́ǹsì náà dorí kodò tẹ̀ lé e.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé lẹ́ǹsì tí nọ́ńbà mm tí wọ́n fi ń pè é (focal length ẹ̀) kéré ló ń sọ nǹkan di ńlá jù. 50mm tẹ́ ẹ bá yí sẹ́yìn, nǹkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi lórí sẹ́ńsọ̀ tó bó ṣe tóbi lójú ayé, 28mm á mú un tó ìlọ́po méjì, lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá kámẹ́rà wá tiẹ̀ máa ju ìyẹn lọ tẹ́ ẹ bá gbé e sí 18. 28mm ni mo fẹ́ràn jù. Mo fi ya ìyẹ́ labalábá, àwọ̀ tá a máa ń rí bíi pé ó dán lásán yẹn, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni o, wọ́n tò léra wọn bíi páànù òrùlé, ibi tí ọ̀kan bá ti já bọ́ á ṣófo kedere. Mo ya hóró iyọ̀ náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ yọ, ibi tí igun kan ti ṣẹ́ sì hàn gbangba. Mo kàn ń wò ó ni.

Àmọ́ iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ ṣá o. Lẹ́ǹsì ò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ mọ́, kò sí autofocus tó ń fúnra ẹ̀ mú kí àwòrán hàn kedere, kámẹ́rà ò sì lè yí aperture, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú lẹ́ǹsì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá lẹ́ǹsì àtijọ́ tó ní òrùka aperture lára, bíi 50mm f/1.8D ti Nikon, ọwọ́ lẹ máa fi yí i, kò sí wàhálà. Èyí tí ò ní, bíi Nikon G, irin kékeré kan wà ní ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ ní láti dì mú kó má bàa pa dé, ìyẹn máa ń sú èèyàn. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi máa rí i kó hàn kedere ni kẹ́ ẹ máa mi gbogbo kámẹ́rà síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà mẹ́rin sí márùn-ún sí ohun tẹ́ ẹ ń yà, ibi tó bá mọ́ ò tiẹ̀ ní tó mìlímítà kan, ojú eṣinṣin á mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti rí bàìbàì. Ìmọ́lẹ̀ náà á dín kù, f/8 tẹ́ ẹ gbé aperture sí (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù) á máa ṣe bíi f/16 tí nǹkan bá ti tó bó ṣe tóbi gan-an, torí náà ẹ má ṣe é láìsí fláàṣì, kẹ́ ẹ sì fi bébà funfun bo fláàṣì ọ̀hún kí iná má bàa le jù.

Òrùka tèmi fúnra ẹ̀, ó ń mì díẹ̀ lára kámẹ́rà, síkúrù ẹ̀ sì máa ń há mọ́ lẹ́ǹsì nígbà míì, ẹ má fún un pa jù. Ẹ má sì gbé lẹ́ǹsì tó wúwo kọ́ ọ. Gíláàsì ìdí lẹ́ǹsì wà níta gbangba báyìí, eruku ń bà lé e, ohun tẹ́ ẹ ń yà sì lè ha á, mo ṣì ń wá nǹkan tí mo máa fi bò ó.

Kẹ́ ẹ tó rà, ẹ wo iwájú lẹ́ǹsì yín, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ø yẹn, bóyá 49, 52 tàbí 58, òun lẹ máa bá ẹni tó ń tà á sọ, kì í ṣe 50mm tàbí 28mm. Kẹ́ ẹ sì sọ irú kámẹ́rà yín, torí ti Canon ò lè wọ Nikon.