Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní kíláàsì ìtàn ìjọ àti àdúrà l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi tipátipá fà mí wọ kíláàsì yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Adó ló ń ṣe é, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ₦2,000 owó ìwé. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó bí mi nínú. Fọ́tòkọ́pì ni, kò lámì ohùn, kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan tí arákùnrin kan ń kà á sókè, dípò "Kristi, ọkọ ìyàwó", "oko ìyàwó" ló pè. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ̀rín tó tán nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lè sùn. Orúkọ ọba Róòmù lórí orúkọ ọba Róòmù. Aago márùn-ún ni wọ́n kọ síwèé, a kì í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di mẹ́fà kù ogún.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ojú mi là. Àṣé ọmọ Áfíríkà ni Augustine, gbajúmọ̀ olùkọ́ ìjọ àtijọ́ tí mo ti ń pè ní Òyìnbó látọjọ́ yìí! Thagaste ni wọ́n bí i sí ní 354, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Àlùjíríà lónìí, ìyá rẹ̀ Monica sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sunkún gbàdúrà kó tó yípadà. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn mi kàn mí ẹsẹ̀: "Ṣé o gbọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún!" Olùkọ́ wá sọ nípa Antony, tó lọ dá gbé inú aginjù Íjíbítì láti máa gbàdúrà, ó ní kí àwa náà dákẹ́ gbàdúrà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwa ará Èkìtì, tí a mọ àdúrà kíkankíkan! Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí bàbá kan pariwo "Olúwa ooo!" Bí aginjù ṣe tú ká nìyẹn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ "àdúrà" fúnra rẹ̀. Èdè Lárúbáwá ni orísun rẹ̀, ẹnu Hausa ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ ń lo "àlùfáà" àti "wàásù" náà. Ẹnu àwọn èèyàn ni Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ti bá wọn, kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Bàbá aláriwo yẹn gbaná jẹ. Ó ní èṣù ló fẹ́ da ìgbàgbọ́ òun rú. Òun àti olùkọ́ jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí iná NEPA fi lọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, a gba Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi ibojì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC. Awakọ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ni nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ó kú ní 1959. Òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ mú ṣúwẹ́tà. Owó ọkọ̀ ò sí nínú ₦2,000, wọn ò sì tètè sọ.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìyanu lẹ ń wá, ẹ lọ sí ìṣọ́ òru. Bó bá jẹ́ ibi tí àdúrà tí ẹ ń gbà ti wá lẹ fẹ́ mọ̀, mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìwé ló jẹ ẹyọ kan yẹn.

Bàbá yẹn ti forúkọ sílẹ̀ fún apá kejì. Èmi náà ti san tèmi.