Pollyanna fún etí: ohùn tó dáa, orí 32 tí wọ́n gé

Orí 32, tó kẹ́yìn nínú Pollyanna, ìwé ìtàn ọmọdé tí Eleanor H. Porter kọ, lẹ́tà ni látòkè délẹ̀. Pollyanna, ọmọ òrukàn tí mọ́tò gbá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ló kọ ọ́ sí àǹtí rẹ̀ àti ọkọ àǹtí: òun ti rìn, ìṣísẹ̀ mẹ́fà, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Nínú fáìlì ohùn tí wọ́n tà fún mi, òǹkàwé kí àwọn méjèèjì tán, ó bá parí. Kò sí ìṣísẹ̀ kankan! Inú bí mi gidi gan-an. Ìwé 1913 ni, àwọn olùyọ̀ǹda LibriVox, ibùdó ìwé àfetígbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ti kà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá máa gbowó lé e gbọ́dọ̀ kà á dópin.

Mo fẹjọ́ sun àwọn tó tà á. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ní kí n pa áàpù rẹ́ kí n tún un gbé wọlé. Ibi kan náà ló tún gé sí. Èkejì ní íntánẹ́ẹ̀tì ni, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni fáìlì wà. Ìyá kan ló wá gba ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ má bínú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wo gan-an ló dákẹ́?" Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Ó ṣí ojúlówó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀: òǹkàwé sinmi lẹ́yìn ìkíni, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé ìdákẹ́jẹ́ ìparí fáìlì sì rò pé ó ti tán. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ó ní kí n pa orí 32 nìkan rẹ́ kí n tó gbé tuntun wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ni fóònù yóò máa kà. Ọlọ́run á bù kún un.

Ìgbà tó pé tán ni mo gbọ́ bí ìsinmi yẹn ti dùn tó. Obìnrin tó kà á mọ ìwé kà. Kò fi ohùn ọmọdé ṣàṣejù. Níbi tí Pollyanna ti ń sọ fún Nancy, ọmọ ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀, bí eré ìdùnnú, ìyẹn wíwá ohun tí inú ẹni lè dùn sí nínú ohun gbogbo, ṣe bẹ̀rẹ̀, pé ọmọláńgidi lòun ń retí, ọ̀pá arọ ló jáde nínú àgbá ẹrù ìtọrẹ, wàràwàrà ló sọ ọ́. Ohùn Nancy ló gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n "p" ń bú jù. Pollyanna, àǹtí Polly, Pendleton, ojú ewé wo ni wọn kò sí? Afẹ́fẹ́ ẹnu ń gbá maikirofóònù. Kí wọ́n ta aṣọ síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀, ì bá ti tán. Ohùn John Pendleton, aládùúgbò tó máa ń kanra, náà sì le dópin, nígbà tó jẹ́ pé látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ẹ wo gígùn orí 32 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú kan, ẹ pè wọ́n. Ìràwọ̀ 5 nínú 5.