"Igi ò ní sá lọ, mà": iṣẹ́ àwọn tó bá mi yẹ igi ẹ̀gbẹ́ ilé wò

"Ẹ lọ fọwọ́ síwèé ilé yín, igi ò ní sá lọ, mà." Ohun tí akọ̀wé wọn sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn nígbà tó ku ọ̀la kí n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bẹ́ẹ̀, nítorí igi yẹn gan-an ni mo ṣe sanwó fún wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ti bá wọn da nǹkan pọ̀ rí á ti mọ̀ wọ́n.

Ilé tí mo fẹ́ rà dáa, àmọ́ igi ràbàtà kan dúró lẹ́yìn yàrá rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń họ òrùlé. Éjẹ́ǹtì ní kékeré ni, pé tí mo bá ti gba kọ́kọ́rọ́, kí n ní kí wọ́n gé e lulẹ̀, ó parí. Ó tiẹ̀ ti mú agégi kan wá. Ọkùnrin náà ti dá iye owó kó tó wo ìdí igi rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá àwọn tó jẹ́ pé yíyẹ igi wò niṣẹ́ wọn, tí kì í ṣe gígé.

Ọ́fíìsì wọn! Wọ́n yí ọjọ́ padà láìsọ fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún dá, mo dúró títí, mo bá pè.

"Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti wà lọ́nà."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ni, mà."

Ohùn ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n wà ni mo gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìjábọ̀ kò jáde. Wọ́n ní ó ti parí, ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, ọ̀gá ò sì sí lórí ìjókòó. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Wọ́n ní àwọn kì í ka ìjábọ̀ lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí. Wọ́n ní kò bá òfin ilé iṣẹ́ mu. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ igi tí kò ní sá lọ ti jáde lẹ́nu akọ̀wé.

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀. Kò gbójú sókè wo igi. Ó kí mi, ó wá bi mí pé, "Mà, èwo ló kọ́kọ́ débí, igi ni àbí ilé?" Mo rò pé ó kàn fẹ́ dá àpárá ni. Ó bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò tó gbẹ́, ó da omi díẹ̀ sí i, ó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já. Ó ní amọ̀ nìyẹn. Amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ. Bí igi ńlá bá ń fa omi rẹ̀, ìpìlẹ̀ lè rì. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé, tí ẹ wá gé e lulẹ̀, omi á padà sínú amọ̀, á wú, á sì lè ti ìpìlẹ̀ sókè. Ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó dáwọ́ dúró. Mo wo éjẹ́ǹtì. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

Ó yí ilé po. Ẹni tó ń tà á ti kun iwájú lọ́dà tuntun, ṣùgbọ́n kò kun ẹ̀yìn sítóò, ibẹ̀ sì ni ògiri ti sán ní igun fèrèsé, ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ó ní èyí tó bá ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń pa dé nígbà òjò, ìyẹn ni kí n bẹ̀rù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan igi. Ó fi òòlù onírọ́bà lù ú yíká, apá kan dún bí àgbá òfìfo, olú líle kan sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Àyà mi já. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé igi tínú rẹ̀ ti ṣófo ṣì lè dúró tí ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá nípọn tó. Ó fi ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lu inú rẹ̀ wò láti mọ bó ṣe nípọn sí. Igi náà tẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ wo ilẹ̀ lódìkejì bóyá ó ti gbé sókè tàbí ó ti sán. Kò sí. Ó ní ọ̀pọ̀ gbòǹgbò kì í ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ sínú ilẹ̀, wọ́n sì ń nà kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gé wọn lẹ́bàá ògiri nítorí páìpù. Páìpù tó ti ń jò ni gbòǹgbò sábà máa ń wọ̀. Páìpù ni kí wọ́n tún ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ tí akọ̀wé ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó wá yẹ igi wò yẹn ló pè mí pẹ̀lú fóònù ara rẹ̀. Ó ní kí n má gé igi lulẹ̀. Kí wọ́n dín àwọn ẹ̀ka tó kan òrùlé kù, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bẹ́ orí rẹ̀, torí ẹ̀ka tuntun tó bá rú níbẹ̀ kì í di igi mú dáadáa. Kí n sì mú ẹnjiníà wá wo ògiri kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Lọ́yà mi sún ọjọ́ síwájú, wọ́n sì yọ nǹkan gidi kúrò nínú owó ilé.

Ìjábọ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ mi bó ṣe wù wọ́n, àwòrán igi ẹlòmíì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi owó ìpè pàjáwìrì kún bíìlì, ìyẹn ìpè tí ọkùnrin yẹn fi káàdì ara rẹ̀ pè! Mo bi wọ́n, wọ́n ní ọ̀gá máa wò ó. Ó ṣì ń wò ó.

Máàkì: 2 nínú 5. Wọ́n ń bọ̀ wá tún igi náà yẹ̀ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo pè wọ́n, mo sì ti sanwó sílẹ̀.