Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tuntun fún SS1: ta ni wọ́n kọ orí ìró ohùn rẹ̀ fún?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Ìbàdàn, ìwé yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ wa sì rà nítorí ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025. Àwọn àyọkà inú rẹ̀ dùn-ún kà, gírámà rẹ̀ sì yé ọmọ. Orí tí ó dá lórí ìró ohùn ni ó bí mi nínú.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyàtọ̀ àárín l àti r: "light" àti "right", "lice" àti "rice". Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò pe "lá" ní "rá"? Àfi bí ẹni pé àwọn ará Japan ni wọ́n kọ ọ́ fún. V àti z tí èdè wa kò ní, tí "van" fi ń di "fan" tí "zip" sì ń di "sip", ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fún wọn; "sh" tí ó ń di "s" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Mo pe aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó ta ìwé náà fún wa. Ó ní, "Mà, ìjọba ti fọwọ́ sí i, ẹ ṣáà máa kọ́ wọn bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ó pe "van" kí n gbọ́, ó pe "fan". Ó ní òun yóò tún pè mí, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Olóòtú wọn kan, ìyá tí ó ti ṣe tísà rí, ni ó pè mí níkẹyìn. Ó kí mi kú iṣẹ́ ọmọ, ó ní kí n ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń dààmú àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tún wọn kà sí mi létí bí ó ti ń kọ wọ́n sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ojú ewé tuntun dé sórí WhatsApp mi pẹ̀lú ohùn obìnrin Nàìjíríà kan tí ó ń pe v ketekete. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i tí gbogbo kíláàsì ń fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀. Ìdánwò Oral ti WAEC ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 tí ọmọ ń kà fúnra rẹ̀, tí ó sì ń yan ìdáhùn wọn ni, kì í ṣe pé wọ́n ń pè é sí i létí; ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ ìró náà rí yóò kàn máa méfò ni.

Ojú ewé wọ̀nyí kò tíì sí nínú ìwé tí wọ́n ń tà, kí tísà tí ó bá fẹ́ wọn béèrè lọ́wọ́ olóòtú, kì í ṣe lọ́wọ́ aṣojú. Mo fún ìwé náà ní 4 nínú 5.