Shure SM57 níwájú áḿpílífáyà gìtá: ìwọ̀n ìka kan ló ń yí ohùn padà

Láti ọdún 1965 ni iléeṣẹ́ Shure ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ta máìkì SM57, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń sọ pé kò wọ́n àti pé kì í tètè bàjẹ́. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e síwájú áḿpílífáyà. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé kì í fi ìyàtọ̀ pamọ́: bí a bá sún un ní ìwọ̀n ìka kan péré, ohùn gìtá á yí padà débi pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ sítúdíò pàápàá á gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú áḿpílífáyà tó ní sípíkà oníǹṣì 12. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí aṣọ tó bo iwájú rẹ̀, a óò rí bébà sípíkà náà àti ìdérí róbótó tó wà láàárín rẹ̀ gbùngbùn. Nígbà tí orí máìkì bá dojú kọ ìdérí yìí gan-an, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ, ohùn òkè, ìyẹn ohùn tín-ín-rín, ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá bí ẹni tó ń ta gìtá bá ti fi distortion, ìyẹn ohùn tó ń han gooro, sí i. Ṣe ni yóò máa gún ni létí. SM57 fúnra rẹ̀ sì ń dá kún un, nítorí pé ó máa ń gbé ohùn tó wà ní àyíká 6,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sókè ju ìyókù lọ. Ìyẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ìlù bo gìtá mọ́lẹ̀, nítorí náà n kò kà á sí àbùkù. Ibi tí ìdérí yẹn ti pàdé bébà ni mo máa ń gbé e sí ná. Bí mo bá sún un lọ sí etí bébà, ohùn náà á rọ̀, á sì ki; bí mo bá fi í sílẹ̀ níbi tó wà, tí mo kàn dẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn òkè á dín kù díẹ̀.

Jíjìnnà rẹ̀ sí sípíkà tún ṣe pàtàkì. Irú máìkì yìí, tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, máa ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá gbé e súnmọ́ ohun tó ń dún. Bí a bá fà á sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ohùn ìsàlẹ̀ náà á dín kù, ariwo yàrá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ símẹ́ǹtì lásán, tí a sì fi táìlì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ yàrá wa ṣe rí, èmi kì í jẹ́ kó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Níbi orin jùjú ni mo ti rí ìwúlò gbogbo èyí jù lọ, nítorí pé gìtá bíi mẹ́ta lè máa sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá gbé máìkì síbì kan náà níwájú gbogbo wọn, wọn á máa gun ara wọn. Ẹ gbé ti gìtá tó ń ṣíwájú súnmọ́ àárín, kí ẹ sì gbé ti tẹ́nọ̀ gìtá sí etí bébà. Ẹ ó rí i pé kálukú á rí àyè tirẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

Ohun tí mo ní lòdì sí i kò pọ̀. N kì í lò ó fún gìtá béèsì, nítorí pé kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó. Ó tún gùn, ó sì nílò ọ̀pá ìdúró tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè fẹsẹ̀ kọ. Máìkì E609 ti Sennheiser pẹlẹbẹ, èèyàn sì lè fi wáyà rẹ̀ so ó kọ́ síwájú áḿpílífáyà. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn máa ń fi máìkì R-121 ti Royer kún SM57, nítorí ohùn tirẹ̀ rọ̀ jù, ṣùgbọ́n owó R-121 kan lè ra SM57 tó ju mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo máìkì méjì, ẹ jẹ́ kí orí wọn dọ́gba níwájú sípíkà. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 17 wà lẹ́yìn èkejì, ohùn tó wà ní àyíká 1,000 Hz á máa pa ara rẹ̀, gìtá náà á sì dún bí ohun tó wà nínú páìpù.

Tí ẹ bá ń ra máìkì àkọ́kọ́ fún gìtá, SM57 ni kí ẹ rà. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 284 ni ojúlówó wọ̀n, kò sì ní bọ́tìnì tí a fi ń tàn án tàbí pa á.