Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú fuel cell tí mo fọwọ́ ara mi tò

Fuel cell ni ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì háídírójìn ṣe iná. Kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò parí ni mo rà. Ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ ni wọ́n kó o wá, ẹni tó rà á ni yóò tò ó. Pléètì gíráfáìtì 13 tí wọ́n ti gbẹ́ ojú ọ̀nà gáàsì sí lára, awọ 12 tí wọ́n ti kun plátínọ́ọ̀mù sí lójú méjèèjì, pépà kábọ̀nù 24, gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà 24 tó ń dí etí kí gáàsì má baà jò, bàbà méjì tó ń kó iná jáde, irin pẹrẹsẹ méjì fún orí àti ìdí, àti bóòtù gígùn mẹ́jọ. Awọ kọ̀ọ̀kan láàárín pléètì méjì ni sẹ́ẹ̀lì kan; sẹ́ẹ̀lì 12 ni gbogbo rẹ̀ máa di.

Fún ẹni tí kò bá tíì lo irú rẹ̀ rí: háídírójìn á gba ojú kan wọlé, plátínọ́ọ̀mù á bọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀, púrótọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó ṣẹ́ kù lára háídírójìn, nìkan ni awọ máa jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ojú wáyà yí lọ bá ọ́síjìn ní òdìkejì, wọn á sì di omi. Èyí tó gba ojú wáyà yẹn ni iná tí à ń lò. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í sábà fúnni ju nǹkan bíi 0.7 fọ́ltì lọ tí iṣẹ́ bá ti wà lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń tò wọ́n léra. Toyota Mirai àkọ́kọ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo fuel cell, tó jáde ní 2014, ní sẹ́ẹ̀lì 370. Èyí tó tẹ̀lé e ní 330.

Mo gbóṣùbà fún àwọn tó ṣe awọ yẹn. Mo ti fúnra mi tẹ pépà kábọ̀nù mọ́ awọ lábẹ́ irin gbígbóná rí, ní nǹkan bíi 130 ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, mo sì mọ bó ṣe máa ń ká kò mọ́ni lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí, mo gbé e síwájú iná, dúdú rẹ̀ dọ́gba láti etí dé etí, kò sí ibì kan tó ṣí. Ẹ má ju ìbọ̀wọ́ inú páálí nù o. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ nínú, sódíọ̀mù inú iyọ̀ yẹn á sì jókòó síbi tó yẹ kí púrótọ́ọ̀nù máa gbà.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ló fìyà jẹ mí. Ó tín-ín-rín, ó sì ń yọ̀. Tí ẹ bá gbé pléètì lé e, ó lè yẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Nígbà tí mo tò ó tán lẹ́ẹ̀kíní, mo da omi ọṣẹ sí i lára bí ìwé ìlànà ṣe wí, kò hó níbì kankan. Mo fún un ní háídírójìn. Sẹ́ẹ̀lì 11 gbé 0.9 fọ́ltì àti díẹ̀ jáde. Ìkeje dúró sórí 0.4. Mo ti gáàsì pa lójú ẹsẹ̀, mo fi náítírójìn lé èyí tó kù jáde, mo sì tú u. Igun rọ́bà kan ti ṣẹ́ po, ó ti gé awọ níbi tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Háídírójìn ń gba ibẹ̀ lọ bá afẹ́fẹ́ nínú.

Omi ọṣẹ kò lè fi irú jíjò bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí kò jò síta. Ohun tó yẹ kí ìwé ìlànà kọ́ wa ni pé ká fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí ojú háídírójìn, ká ti ẹnu àbájáde rẹ̀ pa, ká wá ri túùbù rọ́bà tó jáde láti ojú kejì bọ inú ife omi. Tó bá ń hó lemọ́lemọ́, awọ ti lu. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ì bá sì ti jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó fún un ní háídírójìn. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fi ṣe àfikún, ìyẹn náà ni mo lò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ pléètì ní tiwọn. Ó yẹ kí àwọn tó ta èyí fún mi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti wá gbà mí lọ́kàn jù ni ti bóòtù. Sípánà tó ń wọn agbára wà nínú páálí, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa yípo, ẹ ó máa fò láti bóòtù kan sí èyí tó kọjú sí i, kí irin má baà tẹ̀ sápá kan. Tó bá dẹ̀ jù, pépà ò ní faramọ́ pléètì, iná á máa ṣòfò di ooru. Tó bá le jù, ihò inú pépà á fún pa, omi ò ní ríbi jáde. Awọ sì máa ń wú tó bá mu omi, á sún kì tó bá gbẹ. Wọ́n fi sípíríìngì pẹlẹbẹ sábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan nítorí èyí, kí ìfúnpá má baà yí padà. Mo tún wọn bóòtù lẹ́yìn oṣù kan, kò sí èyí tó dẹ̀.

Tí ẹ bá máa rà á, ẹ béèrè awọ mẹ́ta sí i kí wọ́n tó dí páálí. Gbogbo rẹ̀ ń gbé 7.8 fọ́ltì jáde báyìí tí iṣẹ́ bá wà lórí rẹ̀. Mo wọn ìkeje lánàá, 0.65 ni, kò yàtọ̀ sí àwọn tó kù.