Oṣù mẹ́ta mi nídìí idà àwọn Jámánì àtijọ́

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Èmi tí n kò fi àdá ṣe ju kí n fi ṣánko lọ ni mo lọ san owó oṣù mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kan níbí ní Jámánì, kí wọ́n lè kọ́ mi níjà idà ayé àtijọ́. Idà ọlọ́wọ́ kan ni, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó lójú níhà méjèèjì, ó sì ní ṣóńṣó. Ó ṣeé ṣá, ó ṣeé gún. Rappier ni wọ́n ń pè é.

Ìwé Joachim Meyer, olùkọ́ ìjà idà kan láyé àtijọ́, ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Iṣẹ́ ọ̀bẹ rírọ ni baba náà ń ṣe, Strasbourg ló sì ti tẹ ìwé ọ̀hún jáde lọ́dún 1570, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ ti ilẹ̀ Jámánì. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibòmíràn ni idà yìí ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló tó yé mi. Meyer pín ara ọ̀tá sí ojú mẹ́rin: òkè ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì. Ó wá pín ọwọ́ tí à ń jù sí mẹ́ta: èyí tá a fi ń tọ́ ọ níjà, èyí tó ń gbá idà rẹ̀ kúrò lọ́nà, èyí tó ń bà á. Kóòṣì ní kí n ṣá òkè òsì ẹnìkejì mi. Onítọ̀hún gbé idà sókè kó lè dè é. Kóòṣì pariwo pé, "Má dúró bá a jà níbẹ̀!" Mo yí ọrùn ọwọ́, ṣóńṣó idà gba abẹ́ èèkù tirẹ̀ kọjá, mo na apá. Ó bà á láyà gbọn-in, irin náà sì tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ̀ka igi tútù. Hẹn-ẹn! Àṣé ilẹ̀kùn ni ṣíṣá yẹn kàn lọ ṣí.

Ohun tó bí mi nínú ni ìbọ̀wọ́ tí wọ́n yá mi. Ó yẹ kí ìka ìfábẹ̀lá gun orí irin tó dábùú èèkù, kó wọ inú òrùka irin tó ń dáàbò bò ó. Ìbọ̀wọ́ náà nípọn jù, kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n di èèkù mú lẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ọrùn ọwọ́ mi ti wú. Idà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlógíráàmù kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ nà án síwájú fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ wá rò fún mi. Ilé eré náà tún há jù lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Mo ti san ti oṣù mẹ́ta mìíràn. Owó àjọ ni mo fi ra ìbọ̀wọ́ tèmi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo sì ń lọ báyìí.